Táńkì Tó Di Ẹyin

Bàbá Adéyanjú, àgbà tó ń fi ọwọ́ ya àwòrán ní ọ́fíìsì náà, fi ẹnu kọ́ńpáàsì rẹ̀ gún àárín àwòrán táńkì tó wà lórí bébà, ó yí i, pẹ́ńsù sì yà kúrò lójú ìlà. Ó tún un yí, ó tún yà. Ó mi orí.

"Bọ́sẹ̀, ojú lo fi fà á. Ojú kì í ṣe rúlà."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé ṣí àwòrán àkọ́kọ́ nínú kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà, táńkì epo tó yẹ kó rí róbótó ti dà bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ṣí èkejì, ẹyin ni. Ó ṣí ìkẹta, ẹyin náà ni. Àwòrán mẹ́tàlélógójì, gbogbo wọn ló tẹ̀. Ló bá fa àkọ́kọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dáa lójú ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tún táńkì ṣe kò ní fi "ó jọ ọ́" gé irin.

Ọdún 1996 ni. Odidi ọdún kan ni Bọ́sẹ̀dé fi bẹ Ẹnjiníà Dagogo, ọ̀gá wọn, kó tó ra sikánà, ẹ̀rọ ńlá tí ń ka àwòrán inú bébà wọ kọ̀ǹpútà. Nítorí rẹ̀ ló ṣe kúrò nídìí táípù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ náà máa ṣe nìyí. Àwọn bébà àtijọ́ tí wọ́n ya àwọn táńkì náà sí ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí Bonny, kò sí ohun tí wọ́n lè tún kà mọ́. Aago méjì ni àwọn tó ni iṣẹ́ ń bọ̀.

Ọ̀gá ti wo ẹyin náà, kò pariwo. "Bosede, if e no correct before two o'clock, that machine go go back Lagos. You sef go go back typewriter." Ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún wọn, pé ẹ̀rọ burúkú ló tà. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, ìfọwọ́sí ló kù.

Bọ́sẹ̀dé da àwòrán padà sí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ó gbé rúlà lé ojú kọ̀ǹpútà. Táńkì náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjìlá, ó ga ní mẹ́fà. Ó ṣí òmíràn. Ó fẹ̀ ní méjìdínlógún, ó ga ní mẹ́sàn-án.

"Bàbá, ìdajì ni. Ìdajì géérégé."

Ibẹ̀ ló ti rántí. Lánàá, iná ìjọba lọ, dísẹ́ẹ̀lì inú jẹnẹrétọ̀ sì ti wà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé yóò kú kí bébà tó tán, ló bá tẹ bọ́tìnì tó ń mú sikánà ṣe kíákíá. Ó ṣàlàyé fún bàbá pé irinwó àmì ni ẹ̀rọ náà ń kà nínú ínṣì kan ní ìbú, ṣùgbọ́n bó bá ń kánjú, igba péré ló ń kà ní gígùn. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀, ó to gbogbo wọn bíi pé bákan náà ni wọ́n.

Bàbá sọ ọ́ ní tirẹ̀. "Bí ẹni tó ń fo àtẹ̀gùn méjì méjì, tó ń kà á ní ẹyọ kan."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá."

Nínú kọ̀ǹpútà, ó fi ìbú sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sọ gíga di igba, ìyẹn ìlọ́po méjì, ó tẹ̀ ẹ́. Táńkì dìde. Inú Bọ́sẹ̀dé dùn dé ibi pé kò lè jókòó mọ́, ìdúró ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé títí bébà fi jáde. Bàbá gbé kọ́ńpáàsì lé e. Pẹ́ńsù tọ ìlà náà, ó tọ̀ ọ́ yí ká, ó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tún un yí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo mẹ́tàlélógójì ti dìde. Ọ̀gá yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kí wọ́n lọ ra mínírà wá. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó fa lẹ́tà náà mọ́ra. Ó ní kí ẹni tó ta ẹ̀rọ mọ̀ pé ó fẹ́ dójú ti àwọn.

Bọ́sẹ̀dé wo lẹ́tà náà. Bó bá dákẹ́, àga rẹ̀ kò ní mì. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ọ̀sán yẹn ti pọ̀ jù fún un láti fi irọ́ bà á jẹ́.

"Oga, machine no do anything. Na me press the fast one. Diesel wan finish."

Ọ̀gá wò ó, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó ni iṣẹ́ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ó dé bírò, ó ká lẹ́tà sí méjì, ó tì í sápò.

"Write am for paper, paste am for the machine body," ló wí, "make nobody press am again." Ó sì jáde lọ pàdé àwọn àlejò.

Bàbá Adéyanjú, tí kò sún mọ́ ẹ̀rọ náà rí látìgbà tí wọ́n ti gbé e dé, fa àga rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́sẹ̀dé.

"Fi bọ́tìnì ọ̀hún hàn mí."