Ó Jókòó Kí Àna Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tó dé láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n ó ta. Alhaji Mánsúrù, bàbá Àmínà, ló pe ọmọ wọn lórí fóònù. Wọn ò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà. Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀ ní Bódìjà lọ́jọ́ Àìkú. Tí mo bá wọlé tí ọkọ rẹ tún jókòó kí mi, di ẹrù rẹ. A jọ ń padà sílé ni." Bí wọ́n ṣe pa fóònù nìyẹn.

Adéyẹmọ, ọkọ Àmínà, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí ẹni tó bá ń bínú kì í mọ̀ pé òun ń pariwo. Ojú tì í débi pé kò lè wo ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ bínú sí Adéyẹmọ tí ẹ bá fẹ́. Èmi náà bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe jẹ́.

Adéyẹmọ yìí kì í ṣe ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ tọrọ Àmínà ní Ìsẹ́yìn, òjò ti sọ àgbàlá di ẹrẹ̀, aṣọ funfun ló sì wọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá ibi tó gbẹ. Òun ò wá nǹkan kan. Gbalaja ló na ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àyà, ikùn, imú, gbogbo ẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ìyàwó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, àmọ́ Alhaji gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ báyìí, ilé tó dára ló ti wá. Mo ti fún un." Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi gbàyàwó.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí Ìrẹ̀mídé, ọmọ wọn, ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bákan. Ó kọ́kọ́ ń kú tipiri. Nígbà tó yá, ó ń ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ágbowó, níbi tó ti ń tẹ ìwé tó sì ń di ìwé fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà pe orúkọ àìsàn kan lédè òyìnbó, ó gùn bí orúkọ oyè. Nígbà tó máa túmọ̀ ẹ̀, ó ní ara Adéyẹmọ fúnra rẹ̀ ló ń bá àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ jà. Oògùn lè mú ìjà náà rọlẹ̀, kò lè parí ẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ láìsí ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Tí kò bá sí ẹni tó dì í mú, kò lè dìde nílẹ̀. Ìtọ̀ pàápàá kì í fún un láyè mọ́: tó bá ti lóun ń bọ̀, ó ti dé nìyẹn.

Ẹ má rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun nínú ilé yẹn o. Sàídì, ọ̀rẹ́ Adéyẹmọ láti kékeré, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Mọ́kọ́lá, ló sọ ọ̀pá méjèèjì lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Táyé, ó pe èkejì ní Kẹ́hìndé. Ó ní, "O bí ìbejì, o ò sì pè wá síbi ìkómọ. Ahun!" Láràárọ̀ ló ń wá gbé Adéyẹmọ sínú ọkọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀, tó bá sì ti gbé e tán, á ní, "Ẹrù yìí ń fúyẹ́ sí i. Àmínà, ṣé ẹ ò jẹun nílé yìí ni?" Àmínà náà kò gbẹ́yìn. Tí ọkọ rẹ̀ bá ṣubú ní balùwẹ̀, á jókòó tì í, á ní, "Bàbá Ìrẹ̀mídé, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ ná. Ilẹ̀ ò ní lé wa." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni yóò wá dì í mú dìde.

Àmọ́ ẹnu géètì ni ẹ̀rín yẹn ń mọ. Adéyẹmọ kò fẹ́ kí ará ìta mọ̀, pàápàá àwọn àna rẹ̀. Ó ní, "Ọkùnrin pípé ni wọ́n fún lọ́mọ. N ò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé arọ ló padà wá di." Ó sì mú kí Àmínà búra pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé wọn. Èwo ló kan ìyàwó nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n ó búra.

Ni ìyá Àmínà bá kú. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Sàídì wà wọ́n dé Ìsẹ́yìn. Adéyẹmọ ní kí wọ́n kó Táyé àti Kẹ́hìndé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Òun jókòó síwájú, ó yí gíláàsì ọkọ̀ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti kí bàbá ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sáfẹ́fẹ́ rere." Alhaji dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. Gbogbo ẹbí ń wò ó. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ni àbúrò Alhaji obìnrin kan bá pàtẹ́wọ́: "Èèmọ̀ rè é! Ó jókòó sínú mọ́tò kí àna tó ń ṣọ̀fọ̀!" Àwọn kan ní owó Ìbàdàn ti gun orí rẹ̀. Àwọn kan ní ṣé àwọn ò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àmínà dúró láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n bú ọkọ rẹ̀, wọ́n bú òun náà, kò sì fọhùn.

Ìgbà tí wọ́n dé Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ló tó sọ̀rọ̀. "Wọ́n pè yín ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ lójú mi. Níbi òkú ìyá mi. Mo sì dákẹ́."

Adéyẹmọ ní, "Ó sàn ju kí wọ́n pè mí ní arọ lọ."

Àbẹ́ ò rí nǹkan! Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sì yíjú sí fèrèsé tó ń sunkún láìpariwo, ó mọ̀ pé òun ti ṣe é níkà, ìtìjú ìyẹn náà wá gorí ìtìjú àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé méjèèjì kiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn kí Alhaji tó pè. Nígbà tí Sàídì gbọ́, ó rò ó, ó yọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ ni bàbá ń fẹ́, àbí? Ẹ jẹ́ ká fún wọn. Ká tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á bá ẹ nílẹ̀, wọ́n á rò pé bí o ṣe gbúròó wọn lo ti nà gbalaja."

"Ta ló máa gbé mi dìde?"

"Èmi ńkọ́? Màá ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, ó tó, bàbá ti gbọ́,' màá fà ẹ́ lápá bí ẹni ń ṣeré, ó di orí àga. O ti jókòó nìyẹn. Bàbá ò ní ní kí o bọ́ sí agbo wá jó."

Àmínà ní òun ò sí nínú ẹ̀tàn yẹn. Ó ní, "Ẹ sọ òótọ́ fún bàbá mi. Òótọ́ ò ní kí ẹ dìde." Ṣùgbọ́n Adéyẹmọ bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Kò fẹ́ kí wọ́n mú ìyàwó òun lọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀nà tó máa fi rí méjèèjì ló ń wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alhaji pè pé àwọn ti kọjá Ṣàngó. Sàídì bá tẹ́ Adéyẹmọ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ti Táyé àti Kẹ́hìndé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. "Má gbàgbé láti máa mí o, kí bàbá má lọ máa kí wa kú aráfẹ́rakù." Adéyẹmọ rẹ́rìn-ín sínú kápẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n retí, retí. Àṣé bí Alhaji ṣe dé Bódìjà ni wọ́n gbọ́ ìpè ìrun alásárì, wọ́n sì yà sí mọ́ṣáláṣí. Ta ló mọ̀? Sàídì ní, "Jẹ́ n gbé ẹ dìde ná." Adéyẹmọ kọ̀. "Tí wọ́n bá wọlé nígbà tí o ń gbé mi lọ́wọ́ ńkọ́? Lọ wò wọ́n lójú ọ̀nà." Sàídì jáde lọ sójú títì. Ibẹ̀ ló dúró sí, tó ń na ọrùn, nígbà tí Alhaji gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìtọ̀ lóun ń bọ̀.

Àmínà ṣílẹ̀kùn. Alhaji bọ́ bàtà, wọ́n wọlé pẹ̀lú ìbínú tí wọ́n ti gbé láti Ìsẹ́yìn, wọ́n sì bá ọkọ ọmọ wọn nílẹ̀ gbọrọrọ níwájú wọn. Ẹsẹ̀ wọn dúró. Adéyẹmọ fẹ́ kí wọn bó ṣe ti gbèrò, ó lanu, ohùn kò jáde. Ìtọ̀ ló jáde. Ó gbóná nítan rẹ̀, ó gba abẹ́ ikùn rẹ̀, kò lè dá a dúró, kò sì lè sún kúrò nínú ẹ̀. Ó di ojú pa. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Alhaji ò tíì rí i. Ọkàn wọn ti rọ̀. Wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Dìde."

Kò dìde.

"Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti dárí jì ẹ́. Dìde ńlẹ̀."

Orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ohùn Alhaji wá le padà. "Adéyẹmọ, ṣé o fẹ́ kí èmi bẹ̀ ọ́ ni?"

Àmínà lanu. Adéyẹmọ gbọ́ bó ṣe fa èémí, ó rántí Mọ́níyà. Ó ní, "Má sọ ọ́. Èmi ni màá sọ ọ́." Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó rí ẹsẹ̀ àna rẹ̀, kò lè wò kọjá ibẹ̀. "Bàbá, n ò lè dìde. Ẹsẹ̀ mi ti kú, ó ti pẹ́. Lọ́jọ́ àdúrà ìyá, n ò lè sọ̀kalẹ̀ ni. Èmi ni mo ní kí Àmínà má sọ fún yín. Ojú ló ń tì mí."

Alhaji yíjú sí ọmọ wọn. "O mọ̀? O mọ̀, o sì dúró tí wọ́n bú ọ lójú mi?"

"Ó ní kí n búra, bàbá," ni Àmínà wí, ó sì bú sẹ́kún.

Alhaji fi ọwọ́ nu ojú wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ibi tí mo rojọ́ ọmọ yìí dé l'Ísẹ́yìn kò kéré. Mo rò ó fún ẹbí. Mo rò ó ní mọ́ṣáláṣí." Ojú ń ti Alhaji náà. Ìgbà tí wọ́n wo ilẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé kápẹ́ẹ̀tì ti tutù, òórùn náà sì ti dé imú wọn. Adéyẹmọ mọ̀ pé wọ́n ti rí i.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bọ́ síta. Ẹ jẹ́ kí Sàídì dé."

"Ta ń jẹ́ Sàídì?" Alhaji bọ́ agbádá wọn, wọ́n fi aṣọ náà sórí àga. Alápatà ni wọ́n láti kékeré. Títí di òní, ìdajì màlúù ò tíì di nǹkan bàbàrà léjìká wọn. Wọ́n lóṣòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí Adéyẹmọ. "Àmínà, gbé e lé mi."

"Háà, bàbá! Ara mi ò mọ́! Àna mi ni yín!"

"Mo ti rí i. Mo sì mọ ẹni tí mo jẹ́. Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, bàbá."

"Fi dì mọ́ mi lọ́rùn."

Àmínà gbé e, ó ń sunkún, ó ń tì í láti ìdí. Alhaji dìde pẹ̀lú rẹ̀, eékún wọn dún. Wọ́n ní, "Hùn. Ẹran tí mo máa ń gbé kì í jiyàn báyìí." Àmínà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Adéyẹmọ kò lè rín. Ṣòkòtò rẹ̀ tó tutù ti lẹ̀ mọ́ bùbá funfun àna rẹ̀, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bí omi náà ṣe ń wọ aṣọ wọn. Sàídì já wọlé nígbà yẹn, ó rí ẹni tó gbé ẹni. Ó yanu, kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe, ló bá dọ̀bálẹ̀.

Adéyẹmọ wà lókè. Fìlà Alhaji wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì ga ju àgbàlagbà lọ báyìí rí, ó sì wá rántí pé òun ò tíì kí wọn.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá." Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Alhaji gbé e gbọ̀n sókè díẹ̀ kó má bàa yọ̀, bí ìyá ṣe ń tún ọmọ pọ̀n. "O ṣé," ni wọ́n wí. "Ilẹ̀kùn wo ni balùwẹ̀?"