Aṣọ Èèpo Kòkó

“Màmá, apá aṣọ mi kan tí mo sá sóòrùn dà?”

Ìyá Wúrà kò gbójú sókè nídìí iná tó dá sí ẹ̀yìnkùlé. “Aṣọ wo? Èèpo kòkó ni mo rí níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi mà rántí pé mo fẹ́ẹ́ se ọṣẹ dúdú. Àmọ́ ta ló tiẹ̀ ń fi wáyà so èèpo kòkó?”

Wúrà káwọ́ lérí. Láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti Oǹdó dé, nílé wọn níbẹ̀, ọṣẹ ni gbogbo èèpo kòkó gbígbẹ wà fún. Ọ̀pọ̀ oṣù ni Wúrà fi gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tó ń fi mọ ère tí èèyàn lè gbé wọ̀ bí aṣọ. Ọ̀sán yìí ni àfihàn iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà bíi tirẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Alágbàká. Bí ẹnì kan kò bá wọ ère náà kó sì fi rìn, kò ní í gba máàkì, kò sì ní í jáde ní yunifásítì lọ́dún yìí.

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Isikan, ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Ó wo èyí tó ṣẹ́ kù, ó mi orí.

“Má bínú o, Wúrà. Mi ò lè wọ aṣọ alápá kan jáde. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pa.”

Omijé bọ́ lójú Wúrà. Ìyá rẹ̀ rí i.

“Nítorí èèpo kòkó?”

“Ère tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni, Màmá.”

Ojú ti ìyá náà gan-an. Ó dìde. “Èmi tí mo dáná sun ún ni n ó wọ̀ ọ́. Gbé e wá jàre.”

Aṣọ náà fún un díẹ̀ níbàdí, Wúrà sì dẹ wáyà rẹ̀. Ó mú àkísà láti nu eérú tó bo apá ìyá rẹ̀ títí dé èjìká, àmọ́ bó ṣe rí apá eléérú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo pupa rúsúrúsú yẹn, ó gbé àkísà sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀.”

Ní Alágbàká, ìyá náà dúró gbagidi láàárín gbọ̀ngàn, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adépọ̀jù, yí i ká, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Màmá, ẹ rìn díẹ̀ fún wa.”

Kò mira. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló fi sọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀: “Ṣebí o ní ère ni? Ère wo ló ń rìn?”

“Èyí tí mo ṣe yìí ni, Màmá.”

Ìyá náà bá gbẹ́sẹ̀. Èèpo kòkó ń ró pàkà pàkà bó ṣe ń yan kọjá lára olùkọ́, tó yan kọjá lára Ṣìkẹ́mi, tó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde sí títì, ni Wúrà bá sáré tẹ̀ lé e láti pè é padà.