Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Omi Bè-Kpota

Bàbá mi, Tàjùdíìnì, kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́. Ní ọjà Hédzranawoé tó ti ń ta àga àlòkù, òun ni wọ́n máa ń pè sí ìjà. Á gbọ́ ti ẹlẹ́rìí apá ọ̀tún, á gbọ́ ti ẹlẹ́rìí apá òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá dọ́gba, ẹjọ́ parí. Èmi Ròdíyátù tó rán níléèwé, tí mo kọ́ ìmọ̀ omi, ẹnì kan ṣoṣo ni mo jẹ́ lójú rẹ̀.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀, Bè-Kpota, torí òjò ńlá tí wọ́n kéde fún ọ̀la. Ó ní, "Ilé tí ìyá ẹ kú sí nìyí. Má sọ omi ìlú fún mi. Omi ẹnu ọ̀nà tèmi ni kóo fi hàn mí, màá lọ."

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí iná lọ ní ọ́fíìsì wa láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ la pín ìlú fún, bí ìgbà tí a pín ebè fún àwọn ọlọ́wẹ̀. Oníkálukú ń ṣírò ibi tí omi máa dé ní àgbègbè tirẹ̀. Gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ní ká tún un bẹ̀rẹ̀, òjò á ti dé kó tó parí. Nígbà tí iná padà dé, Laetitia, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ṣí ohun tó kù wò. Méje ti tọ́jú èsì tiwọn. Èyí tó ṣófo, àgbègbè bàbá mi ni. Mo bú iná, mo bú kọ̀ǹpútà, mo sunkún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò omi láì bi kọ̀ǹpútà àgbègbè tó bá tirẹ̀ pààlà pé báwo ni omi ṣe ga tó níbi ààlà wọn, ìdáhùn náà ló sì máa ń kọ sínú tirẹ̀. Ilé Bàbá wà ní igun, níbi tí àgbègbè méjì ti bá tirẹ̀ pààlà. Mo wo ohun tí kọ̀ǹpútà ọ̀tún kọ nípa ààlà yẹn: omi máa dé ìbàdí. Mo wo ti òsì: ìbàdí. Èyí tó ṣófo ti sọ tẹnu rẹ̀ fún wọn kó tó kú.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Bàbá. Ó ń ka tẹ̀síbáà lọ́wọ́. Mo ròyìn ohun tí kọ̀ǹpútà ọ̀tún àti ti òsì sọ nípa ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún un.

"Wọn ò rí ara wọn?"

"Wọn ò rí ara wọn, Bàbá. Ìbàdí ni àwọn méjèèjì wí."

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi pẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ti ń kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì nígbà tó ní, "Apá ọ̀tún yẹn, ṣé ọ̀dọ̀ ìyá Rebecca kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Ti òsì, ọ̀dọ̀ Fàsásì tí kò lè rìn mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Omi tiwọn ńkọ́?"

Èsì tiwọn ò sọnù rárá. Odindi ló wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀, n kò sì wò ó. Mo ṣí i níwájú rẹ̀.

"Ó dé àyà."

Bàbá gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀. Kí n tó dìde, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé kejì lápá òsì, ó ń kan ilẹ̀kùn.

"Àgò o! Fàsásì, ṣílẹ̀kùn, mo wá gbé ẹ."