Akoto Àmírà

“Daddy, please, ẹ má fọwọ́ kàn án!”

Làtíìfù fa ọwọ́ sẹ́yìn. Eruku ló kàn fẹ́ nù kúrò lára akoto irin tí Àmírà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, gbé ka orí tábìlì. Nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ náà sì nìyí o, lábẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, níbi tó ti ń na ara mọ́tò tó tẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà tí Vincent wọlé, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé akoto náà sókè, tó ń yí i wò. Ẹ̀rín ni Àmírà ń rín.

Vincent ni olùkọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òyìnbó náà ti gbé ní Japan rí, òun ló sì fi akoto àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ibẹ̀ han Àmírà. Ọmọ náà wá fi bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò àlòkù rọ tirẹ̀. Ó jó ìwo gígùn méjì mọ́ iwájú rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò hun àwọn irin pẹlẹbẹ tó bo ọrùn pọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, wọn yóò pàtẹ rẹ̀ ní gálárì kan ní Rye Lane.

Làtíìfù ti ka ìwé tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. “Ọwọ́ Vincent ni mo ti kọ́ṣẹ́ irin,” bẹ́ẹ̀ ni Àmírà kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló fi òòlù lé e lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, tí ìyá rẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n má sọ ọmọbìnrin òun di ajórin? Láti ọjọ́ tó ti ka ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ojú ń tì í pé òun, bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ń jowú ẹni tí kò ju ọmọ ogójì ọdún lọ.

“Mr Làtíìfù,” ni Vincent wí ní Gẹ̀ẹ́sì, “ìwo òsì yìí ò jókòó dáadáa. Ṣé ẹ lè yá mi ní òòlù kékeré yín yẹn?”

Òòlù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Làtíìfù fi orúnkún ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

“Mi ò rí i láti àná.”

Vincent mú òòlù ńlá. Ìgbà tó lù ú lẹ́ẹ̀kejì ni Làtíìfù ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo jù. Ó yẹ kó pariwo. Kò pariwo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, irin náà ya láti ìdí ìwo dé àárín orí.

“Kí lo ṣe yìí?” Àmírà ké mọ́ Vincent. “Oṣù mẹ́jọ! Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é!”

Ojú Vincent pọ́n. “Ẹ̀bi mi ni. Má bínú, Àmírà. Ẹ̀bi mi ni.”

Ohun tí Làtíìfù ti ń fẹ́ nìyí, kí ọmọ rẹ̀ wo ọkùnrin yìí bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ń retí kí inú òun dùn. Inú rẹ̀ ò dùn. Àmírà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi etí ìbòrí rẹ̀ nu omijé.

Làtíìfù ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé òòlù náà sórí tábìlì.

“Èmi ni mo fi pamọ́.”

Àmírà gbójú sókè. “Kí ló dé, Daddy?”

“Mo ka ohun tó o kọ. Orúkọ Vincent nìkan ni mo rí níbẹ̀. Ó dùn mí. Mo jowú ni, Àmírà. Mi ò ní àwáwí kankan.”

Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí i. Vincent ló sọ̀rọ̀.

“Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe?”

“Ó ṣeé ṣe. Bá mi di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú.”

Wọ́n jó o, wọ́n lù ú, wọ́n fi sáńpépà ha á. Àmírà ń gbé irinṣẹ́ fún wọn. Àpá náà ṣì hàn, bí ojú ọgbẹ́ tó ti jiná. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, Làtíìfù bi Vincent ní ohun tí kò bi í rí.

“Kí làwọn ará Japan ń pè é gan-an?”

“Kabuto.”

“Kàbútọ̀,” ni Làtíìfù wí.

Ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lókè.

“Kabuto, Daddy,” ni Àmírà wí, kò tí ì wo ojú rẹ̀. “Ẹ tún un pè.”

Ó tún un pè.