Ládù Olóòórùn Ẹṣin

Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ baba ọkọ rẹ̀ lábúlé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ: Bherulal ni. Gbogbo àgbẹ̀ tó ń kó gbòǹgbò wá sí ọjà Neemuch ló mọ̀ ọ́n, torí ẹnu ẹ̀ ju oko ẹ̀ lọ.

Asgandh là ń pe gbòǹgbò tí à ń gbìn. Òórùn ẹṣin ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, ẹni tó bá sì ti fà á tu nílẹ̀ rí kò ní bá wa jiyàn. Ó máa ń rùn bí ilé ẹṣin tí wọn ò gbá. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ yóò lágbára bí ẹṣin, baba ọkọ mi sì gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe gba Ọlọ́run gbọ́ lọ. Tí gbòǹgbò bá ti gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣa àwọn tó sanra, tó funfun nínú, yóò kó wọn sínú àpótí irin abẹ́ ibùsùn rẹ̀, yóò so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí. Ìyókù di ti ọjà.

Tí òtútù bá dé, á yọ díẹ̀ fún mi kí n gún un, ìyá ọkọ mi á pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà, gíì tí à ń yọ́ lára wàrà, àti ṣúgà ìrèké, á fi ọwọ́ yí i ní róbótó-róbótó. Ládù nìyẹn. Láràárọ̀ ni Baba máa ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú wàrà gbígbóná, tó bá jẹ tán, á bọ́ sí àgbàlá, á fọwọ́ gbá itan, á sì yán bí ẹṣin. Mo ní ó máa ń yán. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ.

Ìyá ọkọ mi ńkọ́? Dhapu ni wọ́n sọ ọ́. Ní èdè tiwa, "ó tó gẹ́ẹ́" ni. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bí, wọ́n ń retí ọkùnrin, nígbà tí òun náà tún yọjú, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Òun ló ń fa gbòǹgbò tu, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń gé e, òun ló ń sá a. Láti ìgbà ìkórè títí òjò yóò fi dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kì í yé rùn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kan ẹnu rẹ̀ rí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún rẹ̀ le gbagidi. Ògiri ló ń dì mú kó tó lè dìde. Oníṣègùn wò ó, ó ní kó máa fi wàrà mu àgúnmu asgandh títí òtútù yóò fi lọ. Baba ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti fi orúkọ àkọ́bí wọn pè é, tó sọ ọ́: "Ìyá Kamli, gbòǹgbò ọkùnrin ni. Tó o bá jẹ ẹ́ tó o di ẹṣin, ta ni yóò dì ọ́ ní gàárì?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìborí mi ya.

Torí ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún lásán. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Gattu, tí wọ́n fẹ́ sí ẹ̀yìn òkè tí ojúbọ Ìyá Òrìṣà wà. Níbi ìgbéyàwó kan báyìí, wọ́n kọ́kọ́ bu gíì sórí oúnjẹ ọkọ Gattu kí wọ́n tó bu ti Baba ọkọ mi. Gíì o. Láti ọjọ́ náà ni Baba ti fòfin dè é pé ará ilé wa kò gbọdọ̀ dé ilé wọn, àwọn náà kò sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Orí òkè nìkan ló kù, torí ẹnikẹ́ni ò lè dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ojúbọ Ìyá Òrìṣà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Lọ́dọọdún ni Gattu ń gùn ún láti apá tiwọn, á jókòó síbẹ̀, á máa retí àbúrò rẹ̀. Lọ́dọọdún ni Baba ń ní àwáwí. Ta ni yóò fún wàrà ẹfọ̀n tí à ń sìn nílé? Ta ni yóò se oúnjẹ? Nígbà tó yá, orúnkún di àwáwí tó kẹ́yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ọdún yẹn, obìnrin tó ń kiri ẹ̀gbà ọwọ́ jíṣẹ́ kan fún Ìyá láti ọ̀dọ̀ Gattu. Ó ní, "Ojú mi ń ṣú. Wá kí n rí ọ kó tó ṣú tán." Ìyá wọ ilé ẹfọ̀n lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo ní, "Ìyá, ta ló ń gún un? Èmi. Ta ló ń sè é? Ẹ̀yin. Kí ló wá kan kọ́kọ́rọ́ ìdí Baba níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ojúlówó jẹ́ tiyín, ká ṣe ti àlìkámà lásán fún un."

Ó wò mí. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé Baba kì í fi ládù sẹ́nu láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, àti pé àlìkámà kì í rùn bí ẹṣin. Òótọ́ ni. Àfi ẹṣin ló ń rùn bí ẹṣin. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni àwa méjèèjì wojú ara wa.

Aládùúgbò wa kan wà, Nathu, tó ní abo ẹṣin funfun tí àwọn ọkọ ìyàwó ń gùn lọ sílé àna. Ìgbà òtútù ni ìgbà ìgbéyàwó, ẹṣin yẹn kì í sinmi, aṣọ abẹ́ gàárì rẹ̀ kì í sì í gbẹ fún òógùn. Sugna, aya Nathu, ni mo lọ bá. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi lọ fa aṣọ náà yọ, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di òpó mú. A kì í ṣe ìkà o. A kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ wé ládù àlìkámà náà, ká tó wá fi aṣọ ẹṣin wé e, a sì gbé e sínú oòrùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Baba gbé ládù sí imú. Ó dijú. Ó fà á símú títí èjìká rẹ̀ fi gbé sókè. Ó ní, "Áà. Ti ọdún yìí, ògidì ni." Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó bọ́ sí àgbàlá, ó yán ju ti ìgbàkígbà lọ, ajá ilé kejì sì ń gbó o. Ẹni tó ní kí obìnrin máa bo ojú níwájú baba ọkọ kò mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń bá wa bò.

Ojúlówó ládù ńkọ́? Ilé ẹfọ̀n ni Ìyá ti ń jẹ ẹ́, níbi tó ti ń fún wàrà, pẹ̀lú wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí òtútù ṣe ń lọ, mo rí i pé kò dì mọ́ ògiri mọ́. Bóyá gbòǹgbò ni, bóyá wàrà ni, bóyá ìdùnnú pé a rẹ́ Baba jẹ ni, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń gun àkàsọ̀ lọ sórí ilé, ó ń kọrin.

Àṣírí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú lọ́jọ́ kan. Baba bu ládù jẹ, ó ń jẹ ẹ́ lọ, ló bá dúró. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó fa nǹkan jáde, ó ń fà á, kò tán. Irun ni. Funfun, gígùn, ó nípọn. Ó gbé e sókè sí oòrùn. Mo ti ń ro ọ̀nà ilé bàbá mi.

Ìyá ń da wàrà sí kọ́ọ̀bù lọ ní tirẹ̀. Ó ní, "Bàbá Kamli, ṣé ẹ ò wá rí nǹkan? Asgandh tó bá ti lágbára tó báyìí, gọ̀gọ̀ ẹṣin ní í kọ́kọ́ hù lára ẹni."

Baba yí irun náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló nà tàntàn, ó ní, "Mo mọ̀." Ó fi bébà wé e, ó di ìsọ̀ oní-tíì.

Gbogbo àwọn tó ń mu tíì lábẹ́ igi dóńgóyárò ló gbà á wò. Wọ́n ní nígbà tó kan Nathu, ó wò ó pẹ́, ó wo Baba, ó wo ọ̀nà ilé ara rẹ̀ níbi tí aya rẹ̀ wà, ó sì dá a padà. Ìgbà tó yá ló ní ẹni tó ní irú agbára báyìí yẹ kó mú ìyàwó rẹ̀ gun òkè Ìyá Òrìṣà lọ́dún yìí, kí ayé rí i. Olóríburúkú ọkùnrin, ó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn yòókù sì dá sí i.

Bí Baba ṣe délé, ó dúró láàárín àgbàlá. "Ìyá Kamli, èmi pẹ̀lú ẹ ni yóò gun òkè lọ́dún yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó lójú ọ̀nà, kó padà sílé. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Gattu nínú ilé yìí mọ́ láyé mi."

Ìyá ní, "Mo gbọ́." Ó gbé garawa, ó lọ fún wàrà. Èmi ni ẹ̀rù bà. Eré tí a fi òógùn ẹṣin bẹ̀rẹ̀ ti wá di èyí tó lè gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, Sugna bá wa dúró ti ẹfọ̀n. Ìyá di ládù kan ṣoṣo mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ojúlówó, ó ní ti Gattu ni. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ òkè, Baba sáré gun àtẹ̀gùn òkúta bí ọmọ ewúrẹ́, ó ń kí tọ̀tún tòsì, ó ń yán fún àwọn èwe. Ìyá ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń fa èkejì. Ká má parọ́, ó rẹ̀ ẹ́. Níbì kan tí àtẹ̀gùn ti ga, ó di èjìká mi mú. Mo rí bó ṣe ń wo òkúta pẹlẹbẹ kan tí àwọn arúgbó jókòó sí. Mo ń bẹ Ìyá Òrìṣà nínú ọkàn mi. Ó gbójú kúrò lára òkúta náà, ó tún gbé ẹsẹ̀.

Ibi tí a ti bá Baba, igi ló fẹ̀yìn tì. Ó ti yọ láwàní, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun kò jókòó o, pé ìdúró kì í ṣe ìjókòó. A ní a gbọ́. Ó ṣe díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sílẹ̀ lára igi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ń ṣe é. Nígbà tí ìdí rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Mo rò pé Ìyá yóò fi í ṣẹ̀sín. Àánú rẹ̀ ló ṣe é. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ládù kan ṣoṣo tó fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá Kamli. Ó máa ràn yín lọ́wọ́."

Baba gbà á, ó gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà sí i lọ́wọ́. "Kí lèyí? Ayédèrú ni. Ibo ni òórùn ẹṣin wà níbẹ̀? Ta ló tà á fún ẹ?"

Mo ní láti kọjú sí gbangba òkè kó má bàa rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ìyá di ládù rẹ̀ padà, ó rọra sọ fún un pé kó máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. A sì gun òkè lọ.

Gattu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo, ó kọjú sí ibi tí àtẹ̀gùn tiwa ti ń yọ, ó ń na ọrùn sí gbogbo òjìji tó bá gòkè. Ìyá kò pè é. Ó kàn lọ dúró níwájú rẹ̀. Gattu fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan etí, ó fọwọ́ kan àpá ọgbẹ́ kékeré kan tí eré àwọn méjèèjì fà nígbà èwe, ó wá bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì sunkún níbẹ̀, èmi náà bá wọn sunkún, aṣọ ojú mi tutù.

Nígbà tí ohùn Gattu já gaara, ó béèrè pé, "Dhapu, ọkọ ẹ ti wá gbà?"

"Kò gbà, ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Gattu. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn tó ń gbàdúrà yíjú wò wá. Ó wá fọwọ́ gbá òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà, wá jókòó."

Ìgbà yẹn ni Ìyá tó jókòó.