Orúkọ Tí Ilya Gbé Padà Wálé

Zlata ò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé, ìyẹn nìkan sì ti tó láti já èèyàn láyà. Nílùú Lubeshka lásìkò yẹn, ẹni tó bá já wọlé láìkanlẹ̀kùn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, tàbí ẹni tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń lé bọ̀. Fruma ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú abọ́. Ọkọ rẹ̀, Rábì Anshel, jókòó sídìí fèrèsé, ó ń so irun ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ pákó búrọ́ọ̀ṣì.

"Rábì, ẹ dìde," ni Zlata wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọmọ Ilya pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Ẹ bá mi wá kọ ọ́ nílà kí oòrùn tó wọ̀."

Fruma wo ọkọ rẹ̀.

Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ìjọba Sófíẹ̀tì ti fi sínágọ́gù ìlú ṣe ilé tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún sí. Wọ́n ní kí Rábì lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe bíi tàwọn èèyàn yòókù, ló bá gba iṣẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, torí pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tó bá káwọ́ gbera lọ́jọ́ Sábáàtì. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn tí àwọn Hásídì, Júù olùfọkànsìn, ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá fún àdúrà ṣe di onírun ẹlẹ́dẹ̀, ẹran èèwọ̀ Júù. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ohun tí kì í fi rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá a sọ nígbà tí wọ́n pè é kẹ́yìn: "Bàbá, tí mo bá tún gbọ́ pé o kọlà fún ọmọ kan ṣoṣo, wàá lọ síbi tí wọn kì í ti í padà bọ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni àpò kan ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn, ìbọ̀sẹ̀ onírun àti búrẹ́dì gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀, de ọjọ́ tí wọ́n bá wá mú un. Ọjọ́ yẹn náà ló ṣèlérí fún Fruma pé òun ò ní fọwọ́ kan ọ̀bẹ ìkọlà mọ́.

Fruma ló kọ́kọ́ lanu. "Ilya wo? Ilya tó dúró lórí àtẹ̀gùn sínágọ́gù, tó ń ka ìwé pé kí wọ́n tì í pa? Òun ló wá fẹ́ kí wọ́n kọlà fún ọmọ òun?"

"Ọmọ mi kọ́ ló rán mi. Kò mọ̀ sí i. Ó ti bá rélùwéè lọ sí Minsk láàárọ̀."

"Ẹn-hẹn! Àárọ̀ òní gan-an ló wá lọ!"

"Fruma, má ṣe mí bí ẹni pé àná lo délùú yìí. Gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó bá jẹ́ Júù ló máa ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kẹjọ. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á bú ìyá àgbà níṣojú aráyé, wọ́n á ní ìyá arúgbó aláìmọ̀kan ló dọ́gbọ́n sí ọmọ àwọn lẹ́yìn àwọn. Kó bú mi. Mo ti gbára dì fún èébú."

"Ìyá arúgbó tó lọ pe olóólà ìlú kejì náà gbára dì," ni Fruma fèsì. "Kò mọ̀ pé ìjẹ ni wọ́n fi òun ṣe. Bí bàbá yẹn ṣe tú aṣọ ìdí ọmọ báyìí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọlé. Ṣé ẹ tún rí i láti ìgbà náà?"

Zlata wolẹ̀. Òun náà mọ bàbá yẹn.

Rábì Anshel tẹjú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀. Ká ní obìnrin mìíràn ló wá ni, ì bá ti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n Todros, ọkọ Zlata, bàbá Ilya, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń dà bora nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ wọn níwèé. Todros ni olóólà Lubeshka. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin ìlú kọjá, títí kan Ilya tó wá di ọmọ Ẹgbẹ́. Lọ́dún tí òtútù pa àwọn igi ápù ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá mú Todros, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọ̀bẹ rẹ̀ ló kù sọ́wọ́ Rábì. Zlata ò gbà pé nǹkan kan ṣe é. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń bu wáìnì sínú ife rẹ̀, tó ń gbé e síwájú àga òfìfo, kó má baà jẹ́ pé ọkọ òun á dé, kò ní bá nǹkan lórí tábìlì.

Fruma fẹ́ fọgbọ́n wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Kí lẹ máa sọ ọmọ náà?"

"Tú! Tú!" Zlata tutọ́ sílẹ̀. "Ìwọ ìyàwó Rábì! Ta ló ń dárúkọ ọmọ tí wọn ò tíì kọ nílà? Àbí ìwọ àti Geshe lẹ jọ ń mu ọtí ni? Geshe ará àdúgbò tó lanu sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, níbi tí a tò sí fún búrẹ́dì, pé kí n sọ ọ́ ní Todros! Mo fọ́ ọ létí. Orúkọ òkú la fi ń sọ ọmọ. Ẹni tó bá fi orúkọ alààyè sọ ọmọ, ẹ̀mí onítọ̀hún ló fẹ́ gé kúrú. Ọkọ mi ò kú!"

Ara Fruma rọ̀ díẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ibi ò lè bínú báyẹn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣe ìjẹ lè bínú báyẹn dáadáa, torí kò mọ nǹkan kan.

Rábì dìde.

"Bàbá Léyà, ẹ ṣèlérí fún mi," ni Fruma sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Mo ṣèlérí. Tí Todros bá wọlé lọ́la ńkọ́, tó ní ta ló kọlà fún ọmọ-ọmọ òun? Ṣé kí n ní mo jókòó ti ìyàwó mi, mò ń wò ó bó ṣe ń po ìyẹ̀fun?"

Fruma fa ọwọ́ yọ nínú abọ́. Pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó mú síkáàfù, ó wé e mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó tún un wé. "Ẹ padà wá jẹun o. Ṣé ẹ gbọ́? Mo ní ẹ padà wá jẹun." Ojú rẹ̀ ti kún fómi. Rábì ò gbé àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí ẹni tó bá gbé àpò lójú títì, wọ́n á bi í níbi tó ń lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan ṣoṣo ló mú dání. Ó ti gbẹ́ ihò sínú pákó rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ Todros wà.

Zlata ṣáájú, òun tẹ̀ lé e lókèèrè. Yìnyín ń dún lábẹ́ bàtà rẹ̀, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn òrùlé. Nígbà tó gun àtẹ̀gùn ilé alájà tí Ilya ń gbé, ẹni tí kò fẹ́ rí ló kọ́kọ́ rí. Klavdia ni, tí yàrá rẹ̀ àti ti Ilya fara kanra, tó jẹ́ pé ògiri pákó lásán ló là wọ́n láàárín. Ohunkóhun tí Klavdia bá gbọ́ lónìí, àwọn tó yẹ kó gbọ́ á ti gbọ́ ọ kó tó dọ̀la.

"Bàbá oníbúrọ́ọ̀ṣì! Ọ̀dọ̀ ta lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ìyàwó Ilya, kọ́múrédì. Ó ní kí n mú búrọ́ọ̀ṣì wá."

"Ẹ jẹ́ n wò ó."

Kí Rábì tó mọ ohun tó máa sọ, Klavdia ti gbà á. Ó fi irun rẹ̀ ra àtẹ́lẹwọ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá mì í. Nǹkan kan ró kẹ̀ngẹ̀ nínú pákó.

"Kí ló ń dún nínú ẹ̀?"

"Pákó ọdún yìí ni. Wọn kì í jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó ti ń ya. Mo sọ fún wọn títí, wọn ò dá mi lóhùn."

"Ẹ ò rí i bí! Gbogbo nǹkan ló rí bẹ́ẹ̀ báyìí. Bàtà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ti lanu bí ọ̀nì." Ó dá a padà fún un. "Èyí tí ò ya ni kí ẹ mú wá fún èmi o."

"Màá mú un wá." Ó fi ọwọ́ di igi àtẹ̀gùn mú títí tó fi dé òkè.

Nínú yàrá, Sonya, ìyàwó Ilya, dojú kọ ògiri lórí ibùsùn, ó fi ìrọ̀rí bo etí. Zlata ti fa aṣọ fèrèsé, ó gbé tìmùtìmù lé ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ lé e. Ọkùnrin ló yẹ kó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ níbi ìkọlà, ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ọkùnrin tó ṣeé fọkàn tán? Rábì ṣí pákó, ó yọ ọ̀bẹ, ó fi ọtí líle nù ún. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ báyìí, ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ilya ló wọlé, yìnyín kún èjìká rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí gbogbo ara èèyàn bá tutù lẹ́ẹ̀kan náà? Bó ṣe rí fún Rábì nìyẹn. Ohun tí Fruma sọ ti ṣẹ. Ìyẹ̀fun tó ń pò ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, pé òun ò ní jẹ nínú búrẹ́dì yẹn mọ́.

"Kí lèyí?" Ilya pariwo débi tí gíláàsì fi dún lórí tábìlì. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ Klavdia tó ń sáré bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìwọ bàbá yìí, ta ló ní kó o wá máa kiri búrọ́ọ̀ṣì nínú ilé mi? Mo ti ní mi ò fẹ́ akirità kankan níbí!"

Ó fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó lọ yí rédíò ara ògiri sókè, orin ológun bò wọ́n mọ́lẹ̀. Fìlà tó ti ṣí bó ṣe máa ń ṣe tó bá wọlé, ó wò ó lọ́wọ́ ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì dé e padà. Lẹ́yìn náà ló sún mọ́ Rábì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ?"

Irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi èèyàn kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn nìyẹn. Rábì na ara rẹ̀ tán. "Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìyá rẹ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo wá fúnra mi."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Ilya wí.

Ọmọ Ẹgbẹ́ ló dárúkọ Ọlọ́run yẹn! Zlata lanu sílẹ̀.

"Mo dé ibùdó rélùwéè," Ilya ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò wo ẹnikẹ́ni. "Mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, èkejì kọ̀. Màmá, ẹ gbé e wá." Ó jókòó, fìlà lórí bí Júù ṣe ń dé e gbàdúrà, ó gba ọmọ pẹ̀lú tìmùtìmù lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ ṣe kíá, Rábì."

"Mo sọ fún yín!" Zlata ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Ọmọ Todros ṣì ni. Tí bàbá ẹ bá dé, màá rò ó fún un."

Rábì tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọmọ. Ó ṣe é bí Todros ṣe kọ́ ọ, lẹ́ẹ̀kan, láìṣiyèméjì. Ọmọ fi igbe ta. Rábì gbé ife wáìnì sókè, ó súre, ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń pe orúkọ.

"Kí a máa pe orúkọ rẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní…" Ó dúró dè wọ́n.

"Hillel," ni Zlata wí kíá. "Orúkọ bàbá mi."

"Rárá," ni Ilya wí. "Todros."

Zlata yíjú sí i. "Ṣé orí ẹ pé? Bàbá ẹ ńkọ́? Wọn kì í fi…" 

Ilya ò gbójú sókè. Ọmọ tó ń ké lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

"Todros," ó tún un sọ.

Rábì Anshel di ife mú gan-an kó má baà bọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ jíṣẹ́ fún lọ́la, kò ní dé. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ Ilya fi kọ̀ láti wọ ọkọ̀: kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn tó mọ̀ pé orúkọ yẹn ti ṣeé fi sọ ọmọ.

"Láti ìgbà wo?" Zlata bi í. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Láti ìgbà ìkórè. Wọ́n fi tó mi létí ní ọ́fíìsì. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, Màmá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí ẹ bá ń bu wáìnì yẹn…"

"Todros ọmọ Eliyahu," ni Rábì wí, ó fi orúkọ Hébérù pe Ilya. Ó sọ ọ́ jáde, ó parí àdúrà náà, kò mọ ibi tó ti rí ohùn. Àkísà funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rì í bọ wáìnì, ó nà án sẹ́nu ọmọ kó lè dákẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

Zlata di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Rábì. Ẹ jẹ́ kó ké díẹ̀ sí i."

Rábì ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ìgbà tó rí i tí Zlata la ẹnu tó ki orí bọ àyà Ilya ló yé e. Igbe tó jáde lẹ́nu ìyá àgbà àti tọmọ ọwọ́ dàpọ̀, etí ẹ̀yìn ògiri ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti ta.

Klavdia gbá ògiri. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ọmọ ló ń sunkún, Klavdia!" ni Ilya kígbe padà.

"Ọmọ yín mà lóhùn o!"

Rábì mú àkísà náà dání, wáìnì ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi í sẹ́nu ọmọ títí Zlata fi sunkún tán.