Etíkun Tí Kò Ní í Gbé Ọ̀gá Lọ

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2024, ìgbìmọ̀ ààbò ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ṣàngó-Ọ̀tà fi wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú jíròrò lórí òkun. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò sì sí létí òkun. Ohun tó jọ òkun jù lọ ládùúgbò náà ni adágún tí òjò máa ń dá sílẹ̀ níwájú géètì, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ká ṣòkòtò kọjá láràárọ̀, tí ìgbìmọ̀ kankan kò sì tí ì jókòó lé lórí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò ju báyìí lọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́fà ń lọ sí Cape Town ní South Africa, wọ́n fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún nípa ààbò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, àwọn olùkọ́ wọn yóò kó wọn lọ sétí òkun, wọn yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pákó gbọọrọ kan, wọn yóò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí rẹ̀ kí ìgbì gbé e wá sí èbúté. Wọ́n ní eré yìí máa ń lé ìbẹ̀rù jáde lára ọ̀gá. Oṣù Kẹjọ ni wọn yóò sì lọ, ìgbà òtútù ni níbẹ̀, omi wọn a máa tutù wọ eegun. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń rán ọ̀gá lọ ni yóò fúnra rẹ̀ yan etíkun tí kò léwu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Títílọlá Ọláoyè ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Òun ni akọ̀wé ààbò. Ọdún mẹ́rin ló lò nídìí ẹ̀rọ kí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tó gbé e dé ìdí tábìlì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan: ó mọ ọjọ́ tí fáànù ilé ẹ̀rọ kú, ó mọ oṣù tí wọ́n gbé omi mímu kúrò, ó sì mọ ẹni tó ní kí wọ́n gbé e. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àwọn mẹ́fà tó ń lọ. Èwo ni ti alásè nínú àpèjẹ?

Ní tirẹ̀, kì í ṣe òkun ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rọ kẹrin ni. Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe bàsíà. Irin ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ń pàdé bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ti ya, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ yóò ṣí ilẹ̀kùn, yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, yóò mú bàsíà jáde. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kì í ṣe òmùgọ̀: wọ́n fi bọ́tìnnì kan sí ẹnu ilẹ̀kùn, tó fi jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, irin kò ní í pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni Fẹ́yìsetán, ọ̀gá tó ń rí sí iṣẹ́ ẹ̀rọ, ti ṣírò rẹ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ń jẹ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lórí bàsíà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá fi rọ́bà táyà so bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àkókò irin bá ti pé, yóò pàdé. Kì í wò bóyá ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀ kú lábẹ́ rọ́bà.

Mùbárákà ni yóò bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà ní oṣù Kẹjọ. Ọmọ Ìwó ni, ó ń gbé yàrá kejì sí ti Títílọlá ní Ìjókò, ó máa ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò lọ́jọ́ ìsinmi. Títílọlá fúnra rẹ̀ ló mú un wọ ilé-iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìpàdé, Mùbárákà ń dirun fún un lẹ́yìnkùlé.

"Àǹtí Títí, ẹ dákun, ẹ gbé orí sójú kan. Kí lẹ̀ ń wò nínú fóònù yẹn láti àárọ̀?"

"Òkun."

"Òkun kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ sá fún wa ni?"

"Àwọn ọ̀gá ló fẹ́ lọ gun ìgbì."

Ọwọ́ Mùbárákà dúró lórí irun. "Gun kí ni? Ṣé ìgbì ti di ọ̀kadà ni?"

"Wọ́n ní ó ń lé ìbẹ̀rù jáde."

"Kí wọ́n gun ọ̀kadà láti Igbesa wá sí Toll Gate lásìkò òjò. Bí ìbẹ̀rù bá ṣẹ́kù lára wọn, kí wọ́n wá bi mí. Omi ọ̀hún tiẹ̀ gbóná dáadáa?"

"Ó tutù bí omi inú ọ̀rá tí yìnyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́."

"Subhanallah! Olówó mà ń jìyà o."

Títílọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mùbárákà, ẹ̀rọ kẹrin yẹn. Sọ fún wọn pé ìdí ẹrù dídì lo fẹ́ wà."

"Àǹtí mi, àwọn tó ń di ẹrù, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá wọn padà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò bá pọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń mú wọlé. Ẹ má mikàn. Ẹ ò rí ọwọ́ mi yìí ni? Ó yá ju irin yín lọ."

Òótọ́ ni, ọwọ́ náà yá. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti dirun orí mẹ́ta.

Òru ọjọ́ náà ni Títílọlá kọ ìwé rẹ̀. Ojú ìwé kìíní jẹ́ ti òkun. Ojú ìwé kejì, kò sẹ́ni tó rán an.

Pásítọ̀ Jabez, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ló ṣe alága ìpàdé Ọjọ́rú náà. Àdúrà ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gbogbo etí omi láti Badagry títí dé Cape Town, ó kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀mí inú ibú pé kí wọ́n má yájú sí ọmọ Ọlọ́run, ó ṣe àmín, ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé mítípáì wá.

Rose, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìpolówó, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èmi o, èyí tó ní àpáta ńláńlá yẹn ni kí a lọ. Àwòrán máa ń dára níbẹ̀."

"Orí máa ń fọ́ níbẹ̀ dáadáa pẹ̀lú," ni Títílọlá wí.

"Háà! Títí tí kì í sọ̀rọ̀!" ni Rose wí. "Tóo bá sì sọ ọ́, a ó máa wá ẹni tí yóò bá wa gbé e."

Títílọlá ka ìwé rẹ̀. Ó ní Muizenberg ni kí wọ́n lọ. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ omi ibẹ̀, kì í ṣe òkúta. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì rẹ̀ ti ń fọ́, yóò ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá rí ibì kan tí omi pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, kí wọ́n má sáré lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi ń gbà padà sí agbami, a sì máa fa ènìyàn dání. Òtútù máa ń pa ọwọ́, ọwọ́ tó bá sì ti kú kò mọ ìgbà tó yẹ kó fi nǹkan sílẹ̀. Nítorí náà, kí gbogbo wọn wọ aṣọ rọ́bà, kí wọ́n má sì pẹ́ ju wákàtí kan lọ nínú omi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò gbọdọ̀ dá wọ omi. Olùṣọ́ gbọdọ̀ wà. Bí olùṣọ́ bá ta àsíá pupa, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan omi, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà.

"Àwọn ẹja ńlá tó ń jẹ ènìyàn ńkọ́?" Fẹ́yìsetán bèèrè. Ẹ̀rù ti ń bà á bọ̀ ní tirẹ̀.

"Àwọn kan wà lórí òkè níbẹ̀, sà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wo omi, kí wọ́n sì pariwo bí ẹja náà bá ń bọ̀."

"Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó sáà máa wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Áà." Fẹ́yìsetán mi orí. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ iyì ẹ̀mí."

Gbogbo wọn fọwọ́ sí ojú ìwé kìíní. Wọ́n wá ṣí èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àfi pé ibi tí òkun wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kẹrin ló wà níbẹ̀ báyìí: kí ẹni tuntun má dá wà nídìí rẹ̀, kí wọ́n tú rọ́bà, kí wọ́n ra bọ́tìnnì tuntun, títí wọn yóò fi rà á, kí àsíá pupa wà lórí rẹ̀. Bọ́tìnnì ọ̀hún wà lórí àtẹ nítòsí Toll Gate. Ènìyàn lè rìn lọ rà á kí mítípáì tó tutù.

"Kí wá lèyí, Màdáàmù Sẹ́fútì?" Fẹ́yìsetán fi orúkọ iṣẹ́ ààbò rẹ̀ pe Títílọlá. "Òkun la wá sọ."

"Ọjọ́ kan péré lẹ máa lò létí òkun, sà. Ojoojúmọ́ ni Mùbárákà máa wà nídìí ẹ̀rọ yẹn."

Rose tẹjú mọ́ mítípáì rẹ̀. Pásítọ̀ Jabez nu ẹnu. "Ọ̀rọ̀ gidi ni, arábìnrin. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi àìmọ̀ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò yìí dé ná, ìgbà yẹn la máa mọ ohun tó yẹ ká ṣe."

Wọ́n gbé e sí ìpàdé tó ń bọ̀. Wọ́n ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ní Cape Town. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Títílọlá gé ọ̀rá pupa kan, ó so ó mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kẹrin, ó sì pa iná rẹ̀. Seth, tó ń ṣe alábòójútó ẹ̀rọ nígbà tí ọ̀gá kò sí, wò ó, ó ní, "Mi ò rí yín o." Wọ́n fi Mùbárákà sí ìdí ẹrù dídì. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀rọ kẹrin fi sinmi.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù Títílọlá dún. Fẹ́yìsetán ló ń pè é pẹ̀lú àwòrán. Ó wọ aṣọ rọ́bà dúdú láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó dà bí ẹja àrọ̀ tí wọ́n fi rìbọ́nù ìdánimọ̀ kọ́ lọ́rùn. Kò sí ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Rose ń ya àwòrán. Lẹ́yìn Rose, àsíá kan ń fẹ́.

"Títílọlá! Seth fi iye bàsíà ránṣẹ́ sí mi. Kí ló ṣe ẹ̀rọ kẹrin?"

"Mo so àsíá pupa mọ́ ọn, sà."

"Àsíá kí ni?"

"Irú èyí tó wà lẹ́yìn yín yẹn, sà."

Fẹ́yìsetán bojú wẹ̀yìn. "Èyí? Wọ́n ní òkun kò dára lónìí, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Gbogbo wa la padà sórí yanrìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí kì í fi ààbò ṣeré o! Ó yẹ kí o rí i." Ó yí ojú padà sí i. "Ìwọ lo so tìẹ, àbí? Ìwọ náà ni kóo tú u. Nísinsìnyí, kí n máa wò ó."

"Sà, bọ́tìnnì yẹn—"

"Ṣé kí n pe ẹni tí yóò tú u, tí yóò sì jókòó sórí àga rẹ láti ọ̀la?"

Títílọlá rántí ọdún mẹ́rin tó lò nídìí ẹ̀rọ, ó rántí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ó rántí àga náà. Ó gbé fóònù lé ọwọ́ Seth, ó tú ọ̀rá pupa náà. Kókó méjì ló ta sí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tú. Seth tan iná. Mùbárákà ti ń bọ̀ láti ìdí ẹrù, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ yẹ̀rì.

"Àǹtí, wọ́n ti dá mi padà sí ipò mi," ó wí, inú rẹ̀ dùn. "Mo sọ fún yín pé mi ò níí pẹ́ nídìí ẹrù."

Àwọn ọ̀gá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé sí Ọ̀tà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti àwòrán ogóje. Pásítọ̀ Jabez jẹ́rìí níwájú ìjọ pé kò sí ohun tó ṣe ẹnì kankan. Kò sì sí lóòótọ́.

Ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ní Ọjọ́rú tí Títílọlá tú ọ̀rá pupa yẹn, irin ẹ̀rọ kẹrin pàdé. Mùbárákà pàdánù ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún.